Oníbodè Tó Ń Ka Lẹ́tà: Ìtàn Fífi Fáìlì Ránṣẹ́ láti Ẹ̀yìn Odi Àdírẹ́sì, láti Ìjẹ̀dẹ́ Wo Íntánẹ́ẹ̀tì

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn bí fáìlì ṣe ń kọjá lẹ́nu odi ààbò tó ń pààrọ̀ àdírẹ́sì. Ó tọpasẹ̀ FTP, ìlànà ìfi-fáìlì-ránṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1971, àti NAT, ọgbọ́n ìpààrọ̀ àdírẹ́sì tí ó jáde ní 1994. Ó ṣàlàyé ìdí tí àwọn méjèèjì kò fi bára mu, àti bí alárinà ṣe wọ àárín wọn. Kókó rẹ̀ ni pé ìkọlù yìí kì í ṣe ọ̀ràn ẹ̀rọ nìkan. Ọ̀wọ́n àdírẹ́sì ló bí i, àwọn tó sì dé ìdí ìpín gbẹ̀yìn, tí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára wọn, ló ru èyí tó wúwo jù nínú ẹrù rẹ̀. Ìtàn bodè àti èbúté ní agbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ni iṣẹ́ yìí fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ìfáàrà

Ìjẹ̀dẹ́ wà ní etí ọ̀sà Èkó, ní gúúsù-ìlà-oòrùn Ìkòròdú. Ní tòsí rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ amúnáwá Egbin wà, pẹ̀lú ẹ̀rọ mẹ́fà tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ mẹ́gáwáàtì 220. Iná tó ń ti ibẹ̀ jáde ń lọ sí ọ̀nà jíjìn ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n bí ayàwòrán kan ní Ìjẹ̀dẹ́ bá fẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ ní London wá mú àwòrán ìgbéyàwó tààrà láti inú kọ̀ǹpútà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù òun, ọ̀rọ̀ yóò yí padà. Lọ́pọ̀ ìgbà, kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kò ní àdírẹ́sì tí ará ìta lè fi pè é. Ó ní èyí tí wọ́n ń lò nínú ilé, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì náà kò kọjá ẹnu bodè. Kọ̀ǹpútà náà lè pe ará ìta. Ará ìta kò lè pè é.

Ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó lè pe ènìyàn àti ẹni tí ènìyàn lè pè ni ọ̀ràn tí iṣẹ́ yìí dá lé. Ẹni tó bá ń ka ojú-ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè má fura sí i rárá, nítorí pé òun ló ń pè nígbà gbogbo. FTP kò jẹ́ kí ó fara sin. Nínú ìlànà yìí, ẹni tí wọ́n pè náà gbọ́dọ̀ pe ẹni tó pè é padà. Ibẹ̀ ni odi ti ń dí ọ̀nà.

Bodè, odi àti èbúté ní agbègbè ọ̀sà

Ìlú Yorùbá àtijọ́ mọ odi, ó gbẹ́ yàrà, ó sì ní bodè tí ènìyàn ń gbà wọlé. Oníbodè ló ń bi àlejò léèrè ibi tó ti ń bọ̀ àti ẹrù tó gbé, òun náà ló sì ń gba owó bodè. Iṣẹ́ rẹ̀ pín sí méjì: ó ń dáàbò bo ìlú, ó sì ń mú owó wọlé fún aláṣẹ. Odi kò pa orúkọ ìlú rẹ́. Ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn mọ orúkọ ìlú tí òun ń lọ, ó sì mọ bodè tí òun yóò kàn.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹni tó bá di ọ̀nà láàárín òkè àti etí òkun mú ló ń jẹ èrè alárinà. Àwọn Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá kò fẹ́ kí oníṣòwò òkè bá Èkó ṣòwò tààrà. Ìkòròdú wà lójú ọ̀nà yìí gan-an. Ní 1865, àwọn Ẹ̀gbá dó ti ìlú náà, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ìṣòwò sí Ìbàdàn sì wà lára ohun tó fa ìjà náà. Glover, tó ń ṣàkóso Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, rán ọmọ-ogun lọ, wọ́n sì tú ibùdó àwọn Ẹ̀gbá ká ní 29 oṣù kẹta ọdún náà. Ní 1892, lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ipá ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú.

Ẹ̀pẹ́ fi apá mìíràn hàn nínú ọ̀ràn yìí. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní Èkó ní 1851, ó tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Nínú àdéhùn Ẹ̀pẹ́ ti oṣù kẹsàn-án 1854, ó gbà láti má ṣe dá Èkó láàmú mọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà pé Palma ni èbúté tirẹ̀. Ohun tó bèèrè ju ilẹ̀ tí yóò gbé lọ. Ó fẹ́ ibi tí ọkọ̀ òkun lè máa forí lé láìkọ́kọ́ gba ọwọ́ ọba mìíràn. Ẹni tó bá ní èbúté tirẹ̀ ni ayé lè wá bá; ẹni tí kò ní in yóò máa gba ti alárinà. Òṣùwọ̀n yìí wúlò bí ìtàn bá kúrò lórí ọ̀sà bọ́ sórí nẹ́tíwọ̀kì.

FTP: ìlànà tí wọ́n bí sílé ọlọ́rọ̀

Ní oṣù kẹrin 1971, Abhay Bhushan, ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà kan jáde fún fífi fáìlì ránṣẹ́ láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Ìwé náà ni RFC 114. Lẹ́yìn àtúnṣe lóríṣiríṣi, Jon Postel àti Joyce Reynolds tẹ ẹ̀dà tí ayé mọ̀ jù, RFC 959, jáde ní oṣù kẹwàá 1985.

Ohun tó ya FTP sọ́tọ̀ ni pé ìsopọ̀ méjì ló ń lò. Àṣẹ ń gba ọ̀kan, ẹrù ń gba èkejì. Oníbàárà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó fẹ́ fáìlì, yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn 21 lára agbàlejò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pa fáìlì mọ́. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti máa sọ̀rọ̀. Nígbà tí fáìlì bá fẹ́ gbéra, oníbàárà yóò fi àṣẹ PORT sọ ibi tí wọ́n lè gbé e wá. Nọ́ḿbà mẹ́fà ni àṣẹ náà ń gbé. Bí ó bá jẹ́ 192,168,1,5,19,137, mẹ́rin àkọ́kọ́ ni àdírẹ́sì, méjì ìkẹyìn ni ilẹ̀kùn: ìlọ́po 19 ní ọ̀nà 256, pẹ̀lú 137, jẹ́ 5001. Agbàlejò yóò wá dìde láti ilẹ̀kùn 20 tirẹ̀, yóò sì lọ kan ilẹ̀kùn 5001 lọ́dọ̀ oníbàárà.

Oníbàárà tipa bẹ́ẹ̀ kọ àdírẹ́sì ara rẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ó sì gbà pé àdírẹ́sì yẹn tó fún ẹnikẹ́ni láti fi wá a kàn. Èyí bójú mu ní ibi tí wọ́n ti gbé ìlànà náà dìde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, MIT nìkan ló ni gbogbo àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 18, iye wọn sì jẹ́ 16,777,216. Ní 2017 ni ilé-ẹ̀kọ́ náà tó kéde pé òun ń ta nǹkan bí ìdajì wọn. Kò sí ìdí tí ẹni tó wà nínú ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò fi rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kọ̀ǹpútà kan kò ní ní orúkọ tí ayé lè fi pè é.

NAT: orúkọ kan fún agboolé kan

Àdírẹ́sì tí íntánẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ lè pín kò ju 4,294,967,296 lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó ti hàn pé kò ní tó. Ní oṣù karùn-ún 1994, Kjeld Egevang àti Paul Francis tẹ RFC 1631 jáde. Wọ́n dábàá pé kí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà nínú ilé máa lo àdírẹ́sì abẹ́lé, kí ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu bodè sì máa fi àdírẹ́sì tí ayé mọ̀ rọ́pò rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń jáde. Wọ́n pe èyí ní ọgbọ́n ìgbà díẹ̀. Ní oṣù kejì 1996, RFC 1918 ya àwọn àdírẹ́sì kan sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 àti 192.168 wà lára wọn. Láìpẹ́, ẹ̀rọ ẹnu bodè bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdírẹ́sì ẹyọ kan bo gbogbo agboolé, ó sì ń fi nọ́ḿbà ilẹ̀kùn dá wọn mọ̀ yàtọ̀.

Ìṣe yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó mọ bí lẹ́tà ṣe ń dé ìlú kéékèèké ní Nàìjíríà. Níbi tí afìwéránṣẹ́ kì í ti í dé ojúlé, àpótí ìfìwéránṣẹ́ ilé-ìwé tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo ènìyàn ń lò. Akọ̀wé yóò wo orúkọ, yóò sì mọ ẹni tí yóò fún. Ẹ̀rọ NAT ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń kọ ẹni tó jáde sílẹ̀, àti ilẹ̀kùn tó bá jáde. Bí èsì bá dé, yóò wo àkọsílẹ̀, yóò sì dá èsì padà fún ẹni tó ni ín. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ jáde kò ní àkọsílẹ̀ kankan, àlejò tó bá sì wá bèèrè rẹ̀ kò ní rí ẹni tí yóò júwe ilé fún un.

Ohun tí NAT ń pààrọ̀ ni àdírẹ́sì tó wà lára àpòòwé. Kì í tú lẹ́tà wò. Àdírẹ́sì tí FTP ń lò sì wà nínú lẹ́tà. Agbàlejò ní London yóò gba àṣẹ PORT tó sọ pé kí ó wá sí 192.168.1.5. Ẹgbàágbèje ilé lágbàáyé ló ń lo àdírẹ́sì yẹn, kò sì sí èyí tí agbàlejò lè dé nínú wọn láti ìta. Egevang àti Francis rí èyí ṣáájú. Nínú ìwé 1994 náà gan-an ni wọ́n ti dárúkọ FTP gẹ́gẹ́ bí èyí tí yóò nílò ìtọ́jú pàtàkì.

Alárinà àti bí wọ́n ṣe ń tò ó

Ìtọ́jú náà ni pé kí oníbodè máa ka lẹ́tà. Bí ó bá rí àṣẹ PORT, yóò pa àdírẹ́sì abẹ́lé rẹ́, yóò fi ti ìta sí i, yóò sì ṣí ilẹ̀kùn tó bá a mu. Iṣẹ́ yìí le ju bí ó ti rí lójú lọ. Bí wọ́n bá fi 203,0,113,77 rọ́pò 192,168,1,5, àmì 11 ti di 12. TCP, ìlànà tó ń gbé ọ̀rọ̀ náà, a máa ka gbogbo àmì tó bá kọjá. Láti ìgbà náà lọ, oníbodè gbọ́dọ̀ máa fi 1 kún òǹkà ní ìlọ, kí ó sì máa yọ ọ́ ní àbọ̀, títí ìsopọ̀ yóò fi parí. Bí ó bá gbàgbé, òǹkà ẹgbẹ́ méjèèjì kò ní dọ́gba mọ́, ọ̀rọ̀ wọn yóò sì dàrú.

Ọ̀nà méjì ni àwọn atúnnẹ́tíwọ̀kì-ṣe ń gbà tò ó. Nínú Linux, láti ẹ̀dà 2.4 ti ọdún 2001, olùrànlọ́wọ́ kan wà nínú ọkàn ẹ̀rọ náà tó ń ka àṣẹ FTP bí ó ti ń kọjá. Nínú OpenBSD, ètò ọ̀tọ̀ kan tó ń jẹ́ ftp-proxy ló ń ṣe é. Òfin kan lẹ́nu bodè yóò darí gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń lọ sí ilẹ̀kùn 21 wá sọ́dọ̀ alárinà náà, ní 127.0.0.1, ilẹ̀kùn 8021. Alárinà yóò bá agbàlejò sọ̀rọ̀ ní orúkọ oníbàárà. Nígbà tí ẹrù bá fẹ́ kọjá, yóò ṣe òfin ìgbà díẹ̀ fún ìsopọ̀ ẹyọ kan náà. Bí ìpàdé bá parí, òfin náà yóò kúrò. Kò sí ilẹ̀kùn kankan tí yóò wà ní ṣíṣí tọ̀sán-tòru.

Ọ̀nà kẹta ni láti yí ẹni tó ń pè padà. FTP ní àṣẹ mìíràn, PASV, tó ń jẹ́ kí agbàlejò sọ ilẹ̀kùn tirẹ̀, kí oníbàárà sì lọ kàn án. Ní oṣù kejì 1994, nínú RFC 1579, Steven Bellovin gbà wọ́n nímọ̀ràn pé èyí ni kí oníbàárà máa kọ́kọ́ lò, nítorí pé ó bá odi ààbò mu. Ìmọ̀ràn náà gbilẹ̀. Ó tu oníbàárà tó wà lẹ́yìn odi lára, ṣùgbọ́n ó gbé ìnira náà lọ bá agbàlejò. Bí agbàlejò bá wà lẹ́yìn NAT, òun náà yóò máa dárúkọ àdírẹ́sì abẹ́lé fún ará ìta. Alábòójútó rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ àdírẹ́sì ìta sínú ètò rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó yan ilẹ̀kùn mélòó kan tí ẹrù yóò máa gbà, kí ó sì ní kí ẹnu bodè darí àwọn ilẹ̀kùn náà sí i.

Kókó kan fara pamọ́ síbí. PASV gbà pé ó kéré tán, ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì ní àdírẹ́sì tí ayé mọ̀, tàbí pé ó láṣẹ lórí bodè tirẹ̀. Ayàwòrán Ìjẹ̀dẹ́ lè fi í kó àwòrán lọ sí ẹ̀rọ tó wà ní London. Bí òun bá fẹ́ jẹ́ agbàlejò, PASV nìkan kò lè ràn án lọ́wọ́.

Àwọn tó dé ìdí ìpín gbẹ̀yìn

Ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú ní Nàìjíríà, ọ̀wọ́n àdírẹ́sì ti wọlé. Ní 2001 ni ẹ̀rọ alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀. Ní 2002 ni wọ́n ṣí okùn abẹ́ òkun SAT-3, tó kan Èkó àti Kùtọnu. Sáíbákàfé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì wọ́pọ̀ kí gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ máa jáde lábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Ohun tí ìwé 1994 pè ní ọgbọ́n ìgbà díẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí bá nílé, òun sì ni wọ́n mọ̀ sí íntánẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀.

Áfíríkà kò ní àjọ tirẹ̀ tó ń pín àdírẹ́sì títí di 2005, nígbà tí AFRINIC, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Mauritius, gba ìfọwọ́sí. Àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kó ipa ńlá níbẹ̀: Nii Quaynor láti Gánà wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, Adiel Akplogan láti Tógò sì ni ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọdún náà, àjọ tuntun yìí gba gbogbo àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 41. Iye wọn jẹ́ 16,777,216, iye kan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú èyí tó wà lọ́wọ́ MIT nígbà náà. Ohun tó jẹ́ ìpín ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà ló jẹ́ ìpín tuntun fún ilẹ̀ Áfíríkà lódindi.

Ní 3 oṣù kejì 2011, wọ́n pín ìdì márùn-ún tó ṣẹ́kù nínú àká àgbáyé, àjọ agbègbè kọ̀ọ̀kan sì gba ẹyọ kan. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 102 ló kan AFRINIC. Ní 2017, AFRINIC bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìwọ̀n tí ẹnì kan lè gbà kù, ní oṣù kìíní 2020 ó sì tún dín in kù sí i.

Ọ̀wọ́n yìí ló mú kí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ alágbèéká káàkiri ayé fi NAT kejì bo ti ilé. Ní oṣù kẹrin 2012, RFC 6598 ya àdírẹ́sì 4,194,304 sọ́tọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti 100.64.0.0, fún ìlò láàárín ilé-iṣẹ́ àti àwọn oníbàárà rẹ̀. Bodè wá di méjì. Onílé ní Ìjẹ̀dẹ́ lè to bodè tirẹ̀ bí ó ti wù ú. Ó lè fi ftp-proxy sí i, ó lè darí ilẹ̀kùn. Bodè kejì kò sí lábẹ́ rẹ̀. Kò lè kọ òfin sí i, àdírẹ́sì tó wà lára rẹ̀ sì jẹ́ àjùmọ̀lò òun àti àwọn àjèjì. Ipò tí Kòsọ́kọ́ kọ̀ fún ara rẹ̀ ní 1854 ló bá a: ó wà létí omi, kò sì ní èbúté.

Àrokò tí oníbodè kò lè tú

Ìṣòro mìíràn dé láti ọ̀dọ̀ ààbò fúnra rẹ̀. Bí alárinà bá lè ka lẹ́tà kí ó sì tún un kọ, ẹlòmíràn tó bá dúró sójú ọ̀nà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí FTP ń gbé sì ń kọjá ní gbangba. Ní oṣù kẹwàá 2005, RFC 4217 ṣe ìlànà bí wọn yóò ṣe máa fi TLS di ọ̀rọ̀ FTP. Láti ìgbà náà, lẹ́tà di àrokò: ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí nìkan ló lè tú u. Oníbodè tó ń fi òótọ́ inú ṣiṣẹ́ kò lè ka PORT mọ́, kò lè tún àdírẹ́sì kọ, kò sì mọ ilẹ̀kùn tí yóò ṣí. Ohun tó dáàbò bo ọ̀rọ̀ ló tún so ọwọ́ alárinà. Linux pàápàá, láti ẹ̀dà 4.7 ní 2016, kì í jẹ́ kí olùrànlọ́wọ́ FTP dá ara rẹ̀ wọ iṣẹ́ mọ́ àfi bí alábòójútó bá kọ òfin fún un, nítorí pé ọ̀tá lè fi ayédèrú àṣẹ tàn án láti ṣí ilẹ̀kùn.

Ọ̀pọ̀ yàn láti fi FTP sílẹ̀. SFTP, tó ń gba inú SSH kọjá, ń lo ìsopọ̀ kan péré, kì í sì í kọ àdírẹ́sì sínú ọ̀rọ̀. Ní 2017, Debian pa ojú FTP rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn dé; ní 2021, Firefox àti Chrome yọ FTP kúrò nínú ara wọn. Síbẹ̀, ikú FTP kò wo ọgbẹ́ tí ó fi hàn. SFTP náà nílò agbàlejò tí ènìyàn lè pè. Níbi tí kò sí irú rẹ̀, fáìlì tó ń ti Ìjẹ̀dẹ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́ sábà máa ń gba ilé ìpamọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kan kọjá, tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè wà ní ilẹ̀ òkèèrè. Alárinà kékeré tó wà lẹ́nu bodè onílé ti lọ. Alárinà ńlá tí onílé kò mọ̀ rí ló rọ́pò rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí fi hàn pé ohun méjì ló wọ aṣọ kan náà fún ọdún pípẹ́. Odi jẹ́ ọ̀kan: ó ń yan ẹni tí yóò wọlé. Ìpààrọ̀ àdírẹ́sì jẹ́ èkejì: ó ń pa orúkọ onílé rẹ́ lójú ará ìta. Nítorí pé ẹ̀rọ kan náà ló ń ṣe méjèèjì, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìpàrẹ́ orúkọ ni ààbò. Odi ìlú Yorùbá kò ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìlú ní odi, ó sì ní orúkọ. Ẹni tí wọ́n kọ̀ lẹ́nu bodè ṣì mọ ibi tí òun wá.

IPv6, tí ìlànà rẹ̀ jáde nínú RFC 2460 ní oṣù kejìlá 1998, ní àdírẹ́sì tó pọ̀ tó fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan láti ní tirẹ̀. Kò mú odi kúrò. Oníbodè ṣì lè dúró, kí ó sì kọ àlejò tí kò fẹ́, ṣùgbọ́n kò ní láti tú lẹ́tà ẹnikẹ́ni kí ó tó lè júwe ilé onílé. Fún ìlú tó wà nípò Ìjẹ̀dẹ́, ìbéèrè tó yẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ju bí ó ti yára tó lọ. Ó yẹ kí onílé bèèrè bóyá àdírẹ́sì tí wọ́n fún òun jẹ́ èyí tí ènìyàn lè fi wá òun wá, àti bóyá ọwọ́ òun ni kọ́kọ́rọ́ bodè wà. Títí ìdáhùn yóò fi jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹnu bodè ẹlòmíràn ni ọmọ ìlú etí ọ̀sà yóò ti máa gba ẹrù ara rẹ̀.